Ibi Tí Ẹ Bá Fi Í Sí

Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní, 2025

Ìyèbíyè ló ra ìwé yìí fún mi ní Kérésìmesì. Ó ní, "Daddy, ọ̀rọ̀ họ́kì yìí ti too much. Máa sọ ọ́ fún ìwé." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn, tí kò fi "ẹ" kan ṣoṣo sí i. Mo gba ìwé náà. Òótọ́ ló kúkú sọ: nínú ilé yìí, kò sí ẹni tó tún fẹ́ gbọ́ họ́kì lẹ́nu mi mọ́, títí kan ẹni tó ń gbá a gan-an.

Òtútù pa wá lónìí. Yìnyín bo koríko ní gbogbo Yarnton Way. A na àwọn àlejò, mẹ́ta sí ọ̀kan. Jayden, ẹni tó ń gbá iwájú, gbá méjì wọlé. Ẹ̀yìn lápá òsì ni Tìmílẹ́yìn ọmọ mi wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ tó gbá gòólù mọ́kàndínlógún nígbà tó wà lọ́dọ̀ àwọn kékeré ni wọ́n sọ di ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Oṣù kẹsàn-án ló bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgbà. Ìgbà náà ni kóòṣì Veronica ti gbé e síbẹ̀, kò sì gbé e kúrò mọ́.

Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ni àwọn tó ń ṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ agbègbè ń bọ̀ wá wò wọ́n. Tìmílẹ́yìn ti pé mẹ́tàdínlógún, ọdún tó kẹ́yìn tí wọ́n lè mú un nìyí. Bí wọn ò bá rí i níwájú lọ́jọ́ náà, wọn ò ní rí i níwájú mọ́ láéláé.

Sátidé, ọjọ́ 18

Pápá dì gbagidi. Kò sí ìdíje. Ẹyin tún ti gbówó lórí.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 26

Lẹ́yìn ìsìn, ẹsẹ̀ mi kàn gbé mi gba Glyndon Estate kọjá, mi ò sì níṣẹ́ kankan tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Sùtánà funfun mi hàn lábẹ́ kóòtù, ọmọ kékeré kan ń wò mí bíi pé dókítà ni mí.

Yàrá kan la gbà níbẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ dé, èmi, Moráyọ̀ ìyàwó mi àti Tìmílẹ́yìn. Ọ̀pá họ́kì tí mo gbé láti Abẹ́òkúta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Moráyọ̀ ní, ta ló ń di igi sínú àpótí wá sí London? Nígbà tí ọmọ pé mẹ́rin, mo fi ayùn gé ọ̀pá náà kúrú, mo fi aṣọ wé e lọ́rùn, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Kọ́rídọ̀ ni pápá wa. Ilẹ̀kùn líìfùtù ni gòólù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ilẹ̀kùn yẹn, ó máa ń dún gbàù, ìyá kan nísàlẹ̀ á sì fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà ilé rẹ̀.

Mo rántí ohun tó máa ń sọ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Á nawọ́ sẹ́yìn fún mi: "Daddy, ẹ wà níbẹ̀. Èmi wà níwájú."

Ilẹ̀kùn líìfùtù náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti kùn ún ní búlúù. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ẹnì kan fi bi mí bóyá líìfùtù ti bàjẹ́.

Sátidé, ọjọ́ 1 oṣù kejì

Òjò wẹliwẹli, atẹ́gùn láti etí odò. Méjì sí ọ̀kan, àwa la ni méjì. Jayden ló gbá méjèèjì. Èkejì, Tìmílẹ́yìn ló gba bọ́ọ̀lù náà mọ́ wọn lọ́wọ́, tó fi ránṣẹ́ gbọọrọ gba àárín èèyàn mẹ́rin. Jayden kàn fi ọ̀pá kàn án ni. Gbogbo pápá ń pariwo Jayden.

Bernice, ìyá Jayden, jókòó tì mí. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ṣómólú, inú ike áísìkirìmù ló máa ń kó chin-chin rẹ̀ sí. Ó ní, "Daddy Tìmí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọmọ yín yìí, defender gidi ni o. Born defender! Jayden tèmi ò lè defend láéláé, ọ̀lẹ ni."

Mo ní, "Iwájú ló ń gbá tẹ́lẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n? Tìmí? Níwájú?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe ibi rárá, ohun tó sì dùn mí nìyẹn. Oṣù márùn-ún ló fi ti ń wò ó lẹ́yìn, ohun tí ojú rẹ̀ rí náà ló ń sọ. Mo jẹ chin-chin rẹ̀. Ó dùn, ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 9

Kóòṣì kọ ìròyìn ìdíje àná sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ìlà mẹ́rin fún Jayden. Fún Tìmílẹ́yìn: "Timmy, steady as always." Moráyọ̀ ní ìyìn ni. Mo ní bí èèyàn ṣe ń yin ilẹ̀kùn tí kì í dún nìyẹn.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 12

Tìmílẹ́yìn ti ìdánrawò dé, ó ń jẹ indomie lórí ìdúró.

"Daddy, I've been thinking. Maybe defender ni mo jẹ́, sha."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn. Even Jayden. It's calm, Daddy. Mo good níbẹ̀."

"Ṣé o ti sọ fún kóòṣì pé iwájú lo fẹ́?"

Ó gbé ṣíbí dúró. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bá àgbà jiyàn. Ẹ ní coach dà bí òbí, ohun tó bá ní kí n ṣe ni kí n ṣe."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sì ti sọ ọ́ ju ogún ìgbà lọ. Mo ní kó lọ fọ àwo rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Pé wọ́n fi í sẹ́yìn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ náà ti ń gbà wọ́n gbọ́.

Sátidé, ọjọ́ 15

Kò sí ìdíje. Mo wa bọ́ọ̀sì láti òwúrọ̀, Thamesmead sí Woolwich, Woolwich sí Thamesmead. Nígbà tí mo dúró níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, oòrùn yọ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo di ojú, ó sì dà bíi pé Abẹ́òkúta ni mo wà.

Pápá wa pupa. A kì í gbá họ́kì níbẹ̀ kí a má kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ gbá òkúta wẹẹrẹ kúrò lórí rẹ̀, àwa ọmọ kíláàsì karùn-ún náà la máa ń gbá a. A fi ṣọ́ọ̀kì kun bàtà kánfáàsì wa kó lè funfun. Kí ìdíje tó dé ìdajì, àwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo wa. Èmi àti Mùjídì la jọ ń gbá iwájú. Bí mo bá súfèé lẹ́ẹ̀kan, á ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Èmi ni mo yára jù nínú wa, Mùjídì náà á jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn ìdánrawò a máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, a máa pín gúgúrú, ẹnikẹ́ni tó bá gbá gòólù ló máa kọ́kọ́ bu ọwọ́ sí i. Èmi ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ bù ú. Bí mo bá pa ojú dé, mo ṣì ń gbọ́ òórùn eruku náà nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ sí i.

Ní 1989, Ọ̀gá Ṣùpọ̀, tíṣà eré ìdárayá, gbé mi lọ sẹ́yìn. Àwọn ti ìpínlẹ̀ wá ṣa ọmọ. Wọ́n mú Mùjídì. Ó lọ, ó bọ̀, ó wọ tracksuit aláwọ̀ ewé, kò sì bọ́ ọ títí orúnkún rẹ̀ fi já. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni nípa èmi. Ta ló ń wo ẹni tó wà lẹ́yìn?

Mi ò bínú sí Mùjídì rí. Ọ̀gá Ṣùpọ̀ ni mo bínú sí, ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé. Nígbà tí ó kú, Mùjídì fi fọ́tò ìsìnkú ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ṣí i.

Sátidé, ọjọ́ 22

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tìmílẹ́yìn gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, ó yí ẹni àkọ́kọ́ po, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì, ẹnì kẹta ń wá bọ́ọ̀lù kiri nígbà tí ọmọ ti lọ. Mo ti dìde. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́rin nínú kọ́rídọ̀. Ó wọ iwájú gòólù, ó gbá a, bọ́ọ̀lù fi bí ìka mẹ́ta kọjá òpó.

"Defender's finish!" ni bàbá kan kígbe lẹ́yìn mi. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tìmílẹ́yìn gan-an rẹ́rìn-ín, ó sì sáré padà sí àyè rẹ̀.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, Jayden nìkan ló kù pẹ̀lú aṣọ́lé wọn, ó gbá tirẹ̀ sókè réré. "Unlucky, Jayden!" Bàbá yẹn kan náà ni.

Mo rò ó títí mo fi délé. Àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe. Ibi tí kálukú dúró sí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 2 oṣù kẹta

Mo ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ níwájú Mummy Àpèkẹ́, ìyá ìjọ wa, pẹ̀lú àbẹ́là méje.

"Ta ló fi ọmọ sẹ́yìn?"

"Coach ni, Mummy."

"Ṣé ẹ ti bi í pé kí ló dé?"

"Rárá, Mummy. Àdúrà ni mo ń gbà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Brother Obed, ẹnu tí ẹ fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín ní harvest, kí ẹ fi bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Lẹ́yìn náà ló wá gbàdúrà, àdúrà náà sì gbóná.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Èèyàn kì í kọ́ kóòṣì níṣẹ́ rẹ̀.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 5

Ọjọ́ ìbí Mùjídì. Mo pè é nígbà ìsinmi ọ̀sán ní gáréèjì Plumstead. Sìmẹ́ǹtì ló ń tà báyìí, ohùn rẹ̀ ò yí padà. A rẹ́rìn-ín, a dárúkọ gbogbo ọmọ pápá, a ka àwọn tó ti kú. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Tìmílẹ́yìn fún un. Mo ní, "Ohun tí Ṣùpọ̀ ṣe fún mi ni òyìnbó yìí tún ń ṣe fún ọmọ mi."

Ó ní, "Kí ni Ọ̀gá Ṣùpọ̀ ṣe fún ẹ?"

"Mùjídì! Ṣebí òun ló gbé mi lọ sẹ́yìn?"

"Obed, ṣé o ti gbàgbé ni? Ó pe gbogbo wa sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bi wá níkọ̀ọ̀kan. Ó bi mí, mo ní, 'Iwájú ni, sà, mi ò lọ ibòmíì.' Ó bú mi, ó ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó wá bi ìwọ. O dọ̀bálẹ̀ gbalaja. O ní, 'Ibi tí ẹ bá fi mí sí, sà.' Ó ní, 'Ẹ wo ọmọlúàbí.' Inú rẹ̀ dùn sí ẹ gan-an o. Ó ku ẹni tó máa lọ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ, ó sì fi ẹ́ síbẹ̀. Ó kúkú bi ẹ́, Obed."

Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, mo gbé fóònù sílẹ̀. Tíì mi ti tutù.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 6

Mo ti rántí. Kì í ṣe ti igi máńgòrò nìkan.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, Veronica dúró létí pápá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ń bi ọmọ àti òbí níkọ̀ọ̀kan ibi tí ọmọ fẹ́ràn láti máa gbá. Ó kan àwa. Tìmílẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó la ẹnu. Mo rí i pé ó la ẹnu. Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Anywhere you put him, Madam." Mo tún rẹ́rìn-ín sí i, mo tẹrí ba.

Lójú tèmi, bí a ti ń sọ ọ́ náà nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé àwo ẹran síwájú ẹni, tí wọ́n ní kó mú èyí tó wù ú, kì í mú èyí tó tóbi jù. Á ní, "Èyíkéyìí, mà." Ẹni tó gbé àwo á wá ní, "Rárá o, mú èyí," á sì mú èyí tó dáa fún un. Veronica ò sọ pé rárá o. Ó kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, ó yíjú sí ẹlòmíì.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń bú obìnrin yẹn nínú ọkàn mi. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi bú Ọ̀gá Ṣùpọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, èmi ni mo gbé e láti Abẹ́òkúta wá sí Woolwich, mo sì fi lé ọmọ mi lórí. Ojú tì mí. Ó dùn mí dé egungun.

Fúráìdeè, ọjọ́ 7

Mo sọ fún Moráyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò.

"Obed, ìwọ nìkan lo lè fi ìwà rere ba nǹkan jẹ́ tó báyìí. Lọ tún un ṣe."

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ 12

Mo dé pápá kí àwọn ọmọ tó dé. Veronica ń to àwọn kóònù sílẹ̀. Mo bá a tò ó, nítorí mi ò lè dúró lásán kí àgbà máa ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn kóònù kẹjọ ni mo tó rí ẹnu sọ ọ́: pé iwájú ni ọmọ mi ń gbá, pé ohun tí mo sọ ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe èsì.

Ó wò mí bí ẹni tí ń gbọ́ àlọ́. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó fi hàn mí. "Jayden: forward ONLY (mum)." Nísàlẹ̀ rẹ̀: "Timmy: anywhere (dad)."

Ó ní inú òun dùn lọ́jọ́ náà, pé ẹni tó lè lọ síbikíbi ṣọ̀wọ́n. Ó ní bí òun bá ń bá Timmy sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò, òun rò pé kò sí ohun tó ń wù ú. Mo ní, "Madam, I taught him that. It is respect."

Ó ní òun ò lè tú ẹgbẹ́ ká nítorí ọmọ kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí gbogbo rẹ̀ ti ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n òun lè gbé e síwájú ní abala kẹrin lọ́jọ́ 22, bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá wá sọ ọ́ fún òun. "Not you. Him."

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 13

Mo pe Tìmílẹ́yìn sí yàrá ìgbàlejò. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí igi máńgòrò dé orí ìwé Veronica. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Má bínú." Bàbá tèmi ò sọ irú rẹ̀ fún mi rí, mi ò mọ ibi tí èèyàn ń gbé ọwọ́ sí nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Ó ní, "So all season, mo ti wà lẹ́yìn... because ẹ̀ ń ṣe polite?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, Daddy. I was literally about to say it."

"Mo mọ̀. Mo rí i."

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀. Ìyèbíyè yọjú láti kíṣìnì. "Daddy, that's peak, you know." Mi ò bi í ohun tó túmọ̀ sí.

Sátidé, ọjọ́ 15

Òdo sí òdo, ní pápá àwọn ẹlòmíì. Tìmílẹ́yìn ò bá mi sọ̀rọ̀ lọ, kò bá mi sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó kí mi o, ó dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe yẹ. Èyí ló dùn mí jù.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 20

Oòrùn ti ń gbóná díẹ̀. Àná ni ìdánrawò tó kẹ́yìn, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò mọ̀ bóyá ó sọ ọ́, mi ò sì bi í.

Ìyèbíyè ló sọ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní òun ò lè wọ balùwẹ̀ lánàá nítorí ẹ̀gbọ́n òun dúró síwájú dígí, ó ń wí pé, "Coach, I'm a forward. Coach, I'm a forward." Ó ní, "Like ten times, Daddy. Ó fẹ́ mú mi late."

Sátidé, ọjọ́ 22

Ojú ọjọ́ mọ́, kò sí atẹ́gùn. Ọkùnrin méjì tó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù jókòó lókè pẹ̀lú ìwé. Bernice gbé chin-chin dání, kò rántí ṣí i.

Abala mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni Tìmílẹ́yìn wà. Kò sí ẹni tó gba apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Àwọn ọkùnrin náà ń kọ̀wé, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kẹrin, Veronica gbé ọwọ́ sókè. Jayden bọ́ sí ọ̀tún. Ọmọ mi rìn lọ síwájú, sí àárín gbùngbùn. Bàbá tó wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́sí ní, "What's she doing?"

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní. Lẹ́ẹ̀kínní, bọ́ọ̀lù sá fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ ẹ̀yìn sí gòólù, ó gba bọ́ọ̀lù, ó yí bìrí bí ó ti máa ń yí níwájú líìfùtù nígbà tí kò tíì ga ju orúnkún mi lọ, ó sì gbá a kí n tó mí. Òpó ló bá. Ó dún gbàù. Ó ta padà, Jayden sì fi ọ̀pá tì í wọlé.

Gbogbo pápá ń pariwo Jayden. Èmi náà pariwo, mi ò mọ orúkọ ẹni tí mo ń pè.

Lẹ́yìn ìdíje, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Èmi ló kọjú sí. "This your lad? Where does he play?"

Ọlọ́run gbọ́, gbólóhùn yẹn ti dé orí ahọ́n mi, tòun ti ẹ̀rín rẹ̀. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ask him, sir."

Tìmílẹ́yìn gbójú sókè. Ó wo ọkùnrin náà nínú ojú, tí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta ì bá fi gbá a létí. "Centre forward. They've had me at the back, and I'll do it if you need it. But I'm a centre forward."

Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa délé, ó jókòó tì mí, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ kẹtàlá. Ó ní, "Daddy, ẹ ṣé."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ dákẹ́."

Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin

Orúkọ jáde láago mọ́kànlá. Jayden wà lára àwọn iwájú. Tìmílẹ́yìn wà níbẹ̀ náà, lórí ìlà tó kọ́kọ́ wà lábẹ́ DEFENDERS.

Bernice pè kíá. "Ẹ kú oríire, Daddy Tìmí! Ṣé mo sọ fún yín? Born defender!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rí i fún abala mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n rí i fún ẹyọ kan níwájú. Èyí tó pọ̀ ni wọ́n kọ. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu pé ká dúpẹ́, pé ẹni tí wọ́n bá ti mú kò gbọ́dọ̀ máa ṣa ibi tó máa wà. Moráyọ̀ fojú bá mi wí láti orí àga, mo pa ẹnu mi dé.

Tìmílẹ́yìn ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé fóònù, ó lọ dúró síwájú fèrèsé tó kọjú sí Yarnton Way, ó tẹ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A ń gbọ́ ọ. "Thank you for picking me. I'm really grateful. I told you I'm a centre forward, and I'd like you to look at me there." Ó tẹ fóònù mọ́ etí. "First day? Yes. Yes, thank you, sir." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní ṣé dòdò ṣì kù.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n bi ọmọ mi, ó sì dáhùn.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, mo wọ yàrá, mo gbé ọ̀pá kúkúrú yẹn jáde láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ti gbó. Mo ṣí fọ́tò tí Mùjídì ti fi ránṣẹ́ láti ọdún wọ̀nyẹn. Ọ̀gá Ṣùpọ̀ nìyẹn lórí ìwé ìsìnkú rẹ̀, ó ti darúgbó, fèrè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn lórí okùn bàtà. Ó ń wò mí bí ẹni tó béèrè nǹkan, tó ṣì ń retí èsì.

Ẹ má bínú, sà. Ẹ bi mí, mi ò dáhùn.

Iwájú ni mo fẹ́.